Rábíátù, Ẹni Tó Sọ Iye Gàrí Fáwọn Tó Ń Yan Án

Ìyá àgbà mi kì í jẹ gàrí. Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni kì í yé àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó fi nǹkan bí ogójì ọdún ra gàrí ní Ejìnrìn àti Àgbọ̀wà, tó ń kó o lọ tà ní Ìkòròdú, tó fi owó gàrí kọ́lé sí Ẹ̀pẹ́, tó fi rán ọmọ mẹ́rin níléèwé, tó tún fi lọ sí Mẹ́kà, kì í fi í kan ẹnu àfi bó bá fẹ́ dán an wò. Bí àwa bá ń tẹ ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí iṣu sísè ni tirẹ̀. Bí àlejò bá bi í pé kí ló dé, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo mọ gbogbo ibi tó ti gbà kọjá."

Rábíátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ejìnrìn ni, létí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, ló mú un wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni bàbá náà ń tà, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí mi. Àwa ọmọ-ọmọ ń pè é ní Ìyá Àgbà, àwọn oníbàárà ń pè é ní Àlájà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Rábí. Ó kú ní oṣù tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi Kúbúrà náà ní tèmi, nítorí pé nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí iṣẹ́ kò tíì yọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé fún ọdún méjì. Gbogbo ibi tó bá lọ la jọ ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń dán gàrí wò. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi àtàǹpàkò rà á mọ́ ìka, á jù ú sẹ́nu, á wá dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìró kan láti òkèèrè. Gàrí tó gbẹ máa ń dún lẹ́nu, èyí tí kò gbẹ kì í dún. Lẹ́yìn náà ló máa ń dájọ́: "Iná ti pọ̀ jù fún eléyìí," tàbí "Ọjọ́ méjì lẹ fi í sílẹ̀, ẹ ẹ̀ jẹ́ kó kan." Àwọn obìnrin tó ń yan án bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ojú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kan búra pé ọjọ́ mẹ́ta pérépéré lòun fi fún omi ẹ̀gẹ́ òun. Ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni, wọ́n kánjú nítorí owó iléèwé ọmọ. Ìyá Àgbà ra gàrí náà, kò dín owó rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó wo ìyàwó náà lójú, ó ní, "Ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé ọmọ ń lọ síléèwé."

Ti fóònù rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Kò gbé e sétí rí. Iwájú ẹnu ló máa ń gbé e sí, bí ẹni tó di àkàrà gbígbóná mú, ohùn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á sì máa jáde síta gbangba, débi pé gbogbo àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ mọ ẹni tó gbà láti san owó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti ẹni tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, gbájú-ẹ̀ kan pè é, ó ní ó ti jẹ ẹ̀bùn ńlá kan, kó sáà ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì báǹkì rẹ̀. Ìyá Àgbà kí i dáadáa. Ó béèrè ilé, ó béèrè ìyá rẹ̀. Ó wá bi í pé èló ni gàrí níbi tó wà. Ọmọkùnrin náà gbìyànjú díẹ̀, ó pe iye kan. Nígbà tí mo wọlé, fóònù ti wà lórí tábìlì, ojú Ìyá Àgbà sì rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ó ní, "Ó gé e nígbà tí mo bi í pé ṣé funfun ni àbí elépo."

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò lè dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n má dárúkọ Àlájà Múíbátù mọ́ ọn. Ilé kéú kan náà ni wọ́n jọ lọ ní kékeré. Ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò gàrí. Nígbà tó yá, Múíbátù di olórí ẹgbẹ́ àwọn alájàpá gàrí, ìyẹn àwa tá à ń lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án ká tó lọ tà á ní ìgboro. Ìjà wọn kì í tán. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó dàgbà jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀. Wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó síwájú ọkọ̀. Wọ́n tiẹ̀ jà rí lórí bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó bàbá mi. Mo bi Àlájà Múíbátù nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kúkú fi ara wọn sílẹ̀. Ó yí ojú padà sí mi bí ẹni tí mo bú. "Bí n kò bá bá a jà," ó ní, "ta ni yóò bá a jà dáadáa?"

Òwò náà ni kí n wá sọ báyìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ kò ní mọ ohun tí Ìyá Àgbà ṣe.

Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí wà ní Ejìnrìn, wọ́n wà ní Àgbọ̀wà, wọ́n wà láwọn abúlé tó wà láàárín. Wọ́n á hú ẹ̀gẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ lẹ́rọ, wọ́n á dì í sápò kí omi rẹ̀ lè ro, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á wá yan án nídìí iná tó ń mú omi dà lójú ẹni. Lọ́jọ́ ọjà, àwa alájàpá á dé. A ó rà á, a ó kó o lọ Ìkòròdú, a ó tà á fáwọn alárọ́bọ̀, àwọn náà á wá máa wọ̀n ọ́n ní kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ọjà tó pé, ẹgbẹ́ wa á ti ṣèpàdé, wọ́n á ti fẹnu kò lórí iye tí a máa rà á. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹni tó bá ní owó náà kéré, kó ru gàrí rẹ̀ padà sílé. Bó bá sì ní òun á fúnra òun gbé e lọ Ìkòròdú, kò ní rí ibi já a sí, torí pé ẹgbẹ́ ló ń fúnni níwèé tí a fi ń já gàrí sọ́jà, wọn kì í sì í fún ẹni tó ń yan án. Kọ́ńgò tún ńkọ́? Kọ́ńgò tí a fi ń rà fẹ̀, a sì máa ń bu gàrí lé e lórí títí á fi ṣu bí òkìtì, a ó fi apá gbá a mọ́ra kó má dà. Èyí tí wọ́n fi ń tà ní Ìkòròdú kéré, wọ́n sì ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kọ́ńgò sì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì.

Òfin ìwé yẹn, Ìyá Àgbà mi ló dá a lábàá. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ni. Gàrí pọ̀ lọ́jà lọ́dún náà, kálukú ń kó tirẹ̀ wá, àwọn alájàpá ń pàdánù. Ó dìde nípàdé, ó ní kí ẹgbẹ́ máa fúnni níwèé, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún mi. Ó ní, "Ebi ló ń pa wá nígbà yẹn. Nígbà tá a yó tán, a ò rántí pé ó yẹ ká tú u ká."

Obìnrin Àgbọ̀wà kan wá wà tó ń jẹ́ Sídí, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni bí ogójì ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú gbogbo gàrí tí Ìyá Àgbà ń rà, tirẹ̀ ló dára jù. Èèyàn á sì mọ àpò rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún, torí pé gèlè pupa kan tó ti gbó ló ń fà ya, tó fi ń so ẹnu wọn. Lọ́dún kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ọkọ Sídí ní Ìkòròdú, Sídí sì bá a dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí oúnjẹ tó gbé wá tán, ó rìn dé Benson, ibùdókọ̀ kan níbẹ̀, láti ra gàrí. Ibẹ̀ ló ti rí àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ alárọ́bọ̀ kan, gèlè pupa rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè iye rẹ̀. Ó tún un béèrè. Ó sì ra kọ́ńgò kan.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó wá sí Ejìnrìn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà bó ṣe máa ń ṣe.

"Ojú ọkọ rẹ ńkọ́?" Ìyá Àgbà bi í.

"Ó ti ń ríran díẹ̀díẹ̀, Ìyá. A dúpẹ́." Ó dìde nílẹ̀. "Mo ra gàrí mi ní Benson."

Ìyá Àgbà gbójú sókè wò ó.

"Iye tí mo fi ra kọ́ńgò kan ju ìlọ́po méjì iye tí ẹ fi rà á lọ́wọ́ mi lọ. Kọ́ńgò ọ̀hún ò sì tó kọ́ńgò. Mi ò bá yín jà o, Ìyá. Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Kí ló ṣe é lójú ọ̀nà?"

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti awakọ̀, ó sọ ti àwọn alábàárù, ó sọ ti àwọn tó ń na ọwọ́ gba owó lójú títì, ó sọ ti òjò tó lè pa gàrí, ó sọ ti alárọ́bọ̀ tó gba ọjà àwìn tí kò sì san. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Sídí fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Ó ta gàrí rẹ̀ ní iye tí ẹgbẹ́ fi lélẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ká àpò òfìfo rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ká ní ó bínú ni, bóyá ì bá tán síbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ délé, Ìyá Àgbà kò bá Àlájà Múíbátù du ìjókòó iwájú. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Nígbà tá a délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń ká ìka kan fún awakọ̀, ìka kan fún alábàárù, ìka kan fún òjò. Mo ń wò ó. Ó ká gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé itan.

"Kúbú," ó ní, "ìka tán, owó ò tán."

Mo ní kó má ronú sí i, pé gbogbo èèyàn ló ń jèrè nídìí ọjà rẹ̀.

"Mi ò sọ pé kí n má jèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè, mo sì fi òótọ́ púpọ̀ parọ́ fún un."

Ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ọjà mìíràn pé, ó ní kí n bá òun lọ sí Benson. Ó ra kọ́ńgò lọ́wọ́ alárọ́bọ̀ kan, kì í ṣe gàrí inú rẹ̀, kọ́ńgò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Àlájà fẹ́ wá bá wa jókòó sójú títì." Ìyá Àgbà ní ohun tí ò ì tíì ṣẹlẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní Ejìnrìn dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ń sọ àpò kalẹ̀, àwa alájàpá sì wà lápá kejì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wa. Àlájà Múíbátù jókòó sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà, Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní sáàárín, ó gbé kọ́ńgò méjèèjì lé e. Ó ní kí Sídí tú àpò kan. Ó bu gàrí kún kọ́ńgò ńlá, ó ṣu ú lórí bí a ṣe máa ń ṣe, ó wá ń dà á sínú kékeré. Kékeré kún. Ó fọwọ́ rẹ́ ẹ lórí, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún bu èyí tó kù sínú rẹ̀, ó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Rábí," Àlájà Múíbátù pè é láti abẹ́ agbòòrùn. "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń wọn gàrí."

"Fún ta ni?"

"Fún àwọn tó ni ín."

Ó gbé kọ́ńgò kékeré náà sókè. Kò pariwo. Ó sọ iye tí wọ́n ta kọ́ńgò yẹn ní Ìkòròdú lánàá, ó sì tún un sọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ó ní, "Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀, mi ò sì lè dá a tú. Ṣùgbọ́n iye tí mo mọ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n."

Àwọn kan nínú wa dojú bolẹ̀. Sídí so ẹnu àpò rẹ̀ padà, ó sì jókòó lé e. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó, òun náà jókòó lé tirẹ̀. Nígbà tó fi díẹ̀, gbogbo wọn ti jókòó.

Ẹgbẹ́ ní àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Àwọn obìnrin náà ní ó dáa. Oòrùn gòkè. Àwọn awakọ̀ ń bínú pé wọ́n ń fi ọjọ́ àwọn ṣòfò. A kírun Àílà, a padà dé, wọ́n ṣì wà lórí àpò, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dá ara wọn lára yá. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń pè é láti Ìkòròdú léraléra, yọ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan, ó sì fi owó lé e. Bí ẹnì kan ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, ìyókù kò lè dúró mọ́. Owó gàrí gòkè lọ́jọ́ náà. Kò gòkè dé ibi tí Ìkòròdú wà, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gòkè. Wọ́n sì ní kí a máa fi igi rẹ́ orí kọ́ńgò, kò sí òkìtì mọ́. Àlájà Múíbátù kọjá níwájú Ìyá Àgbà lọ sínú ọkọ̀. "O ti tà wá, Rábí," ó ní. Ìyá Àgbà ní, "Gàrí ni mò ń tà."

Òfin tó dá sílẹ̀ ló wá mú un. Ẹgbẹ́ gba ìwé rẹ̀. Awakọ̀ tó ti ń gbé ẹrù rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún un nílé. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Wọ́n ní bí mo bá gbé tiyín, kí n má wá gbé ti ẹnikẹ́ni mọ́." Ìyá Àgbà ní kó dìde, ó fún un lómi mu. Ọkọ̀ kan tó ń kó pákó ni mo wá rí tó gbà wá. Nígbà tá a dé Ìkòròdú, wọn ò jẹ́ ká já a sínú ọjà, la bá kó o jókòó sẹ́bàá títì ní Benson, àwa àti àpò gàrí mẹ́wàá, a ń wọ̀n ọ́n ní kọ́ńgò-kọ́ńgò fún ẹni tó ń kọjá.

Ìyá Àgbà ò mọ̀ ọ́n tà bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń ta àpò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "Ìyá, ẹ fi èènì sí i," á bu ẹ̀kúnwọ́ sí i. Bó bá tún ní "Ẹ ṣàánú mi," á tún bù ú. Mo ní a ò ní mú nǹkan délé o. Ó ní kí n dákẹ́, pé èmi náà máa ń tọrọ èènì. Ìyá kan wá, ará Ọ̀ṣun ni, ó ń gbé ilé àyágbé nítòsí ibẹ̀. Ó wo kọ́ńgò wa, èyí tí a kò lu ìdí rẹ̀, ó wo ojú wa, ó ní, "Ìyá, eléyìí pọ̀ jù. Ṣé kò sí wàhálà kankan nínú gàrí yìí?" Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé, "Kò sí. Wàhálà rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kó tó débí."

Kì í ṣe ẹ̀rín ní gbogbo ìgbà. Òjò ká wa mọ́ títì lọ́jọ́ kan, kò sí ibi tá a lè sá sí, àpò mẹ́ta sì bàjẹ́ lójú wa. Ìyá Àgbà dúró ti àwọn àpò náà pẹ̀lú ọ̀rá lórí, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni omi òjò. Mo ní kó lọ bẹ Àlájà Múíbátù, pé ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ. Ó ronú sí i, ó jọ pé ó fẹ́ gbà. Ó ní, "Mo lè bẹ̀ ẹ́ pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ pé irọ́ ni mo pa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún oṣù mélòó kan, títí mo fi rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkòròdú, tí mo sì yá yàrá kan síbẹ̀. Èrè rẹ̀ kéré. Òkè tó fẹ́ kọ́ lé ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kò kọjá òpó mẹ́rin, àwọn òpó náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, orí wọn la ń so okùn aṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ ọjà, yóò gbé fóònù síwájú ẹnu, yóò pe Sídí ní Àgbọ̀wà, yóò pe obìnrin méjì mìíràn ní Ejìnrìn, yóò sì sọ iye tí kọ́ńgò jẹ́ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ tó ṣáájú. Èmi ló ń rán lọ béèrè fún un. Mo fi í ṣeré lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá Àgbà, àwa tá à ń ra gàrí jẹ ńkọ́? Bẹ́ ẹ ṣe ń ran àwọn tó ń yan án lọ́wọ́, ẹ máa mú un wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́." Ó ní kí n lọ wò ó bóyá ó wọ́n sí i. Mo lọ wò ó. Kò wọ́n sí i. Mo padà sọ fún un, ó ní, "Àwa tá a wà láàárín la rù. A ti sanra jù tẹ́lẹ̀."

Ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun àti Àlájà Múíbátù. Ẹran ló kọ́kọ́ dé, itan àgbò odindi kan nínú abọ́. Ìyá Àgbà gbé e wò, ó rí ọ̀rá kan lábẹ́ rẹ̀, ìwé tí ẹgbẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá náà. Ó yọ ẹran, ó fọ abọ́, ó fi ìwé náà padà sínú rẹ̀, ó rán an padà. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, Àlájà Múíbátù fúnra rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O jẹ ẹran mi, o dá ìwé mi padà."

"Ẹran náà dáa. Ìwé náà ni kò pé."

"Kí ló kù níbẹ̀?"

"Ti Sídí."

Wọ́n jà nílé wa lọ́jọ́ náà débi pé àwọn aládùúgbò wá là wọ́n, wọ́n sì bá wọn tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Àlájà Múíbátù kò gbà lọ́jọ́ náà. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó mú un wá, ìwé márùn-ún, ti Sídí àti ti obìnrin mẹ́rin mìíràn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní olónìí. Àwọn tó kù ṣì ń tà á fún alájàpá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà Ìkòròdú, tí ẹ rí àpò tí wọ́n fi gèlè pupa so, ẹni tó yan án ló gbé e wá.

Nígbà tí àìsàn dé, ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́ la gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé. Ó bi í pé ọjọ́ wo là ń lò lónìí. Ìyá Àgbà ní òun ò mọ̀. Ó bi í pé ta ni ààrẹ. Ìyá Àgbà ní ẹni tó wà níbẹ̀ náà ni. Nọ́ọ̀sì wò mí pẹ̀lú àánú. Mo ní, "Ìyá Àgbà, èló ni gàrí?" Ó sọ ti Ejìnrìn, ó sọ ti Àgbọ̀wà, ó sọ ti Ìkòròdú, ó ní ti Ẹ̀pẹ́ kò yé òun tó, kí a má fi ti òun ṣe. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ jí. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn.

A ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ níwájú ilé. Àáfà ti wàásù tán, wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní onínúure ni, wọ́n ní kò sí irú rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ náà. Sídí dìde, ó sì tún jókòó. Àlájà Múíbátù ló gbẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, ó ti ọwọ́ wọn kúrò. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó wo àwọn alájàpá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó ní ìlà kan, ó wá wo àwọn obìnrin Ejìnrìn àti Àgbọ̀wà tó jókòó ní ìlà kejì.

"Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó gbọ́n jù wá lọ," ó ní. "Kò gbọ́n jù wá. Gbogbo wa la mọ iye gàrí. Òun nìkan ló sọ ọ́."